Ta Ni Ó Fi Orúkọ Sínú Ẹnà? Àgbéyẹ̀wò Ìwádìí Àwọn Ọ̀gbẹ̀rì lórí Lẹ́tà Zodiac

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ọ̀nà tí àwọn ènìyàn tí kì í ṣe ọlọ́pàá, tí wọn kò sì kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, ń gbà ka àwọn lẹ́tà tí apànìyàn tí ó pe ara rẹ̀ ní Zodiac kọ sí àwọn ìwé ìròyìn ní ìpínlẹ̀ California láàárín ọdún 1969 sí 1974. Èrò wa ni pé kì í ṣe ìwé-ẹ̀rí ni ó ya ìwádìí tí ó yọrí sí òtítọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ó di ìbanilórúkọjẹ́. Ohun tí ó yà wọ́n ni bóyá ọ̀rọ̀ tí olùwádìí rí nínú lẹ́tà lè já a ní irọ́ tàbí kò lè já a.

1.0 Ìfáàrà

Ẹnà kì í ṣe ohun àjèjì sí onímọ̀ èdè Yorùbá. Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ iṣẹ́ lé e lórí ní ọdún 1982, ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó sì fi í ṣeré ní kékeré: ‘mogo fẹ́gẹ́ lọgọ’, kí àgbàlagbà tí ó jókòó nítòsí má baà mọ̀ pé ‘mo fẹ́ lọ’ ni a ń wí. Òfin irú ẹnà yìí kò ju ẹyọ kan lọ. Lẹ́yìn sílébù kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ yóò fi kọ́ńsónáǹtì ‘g’ kún un, yóò sì tún fáwẹ̀lì àti ohùn sílébù náà pè. Ẹni tí ó bá mọ òfin náà yóò tú gbólóhùn tí kò gbọ́ rí. Àwọn méjì tí wọ́n bá mọ̀ ọ́n yóò tú gbólóhùn kan náà sí ohun kan náà. Bí ẹni méjì bá gbọ́ ẹnà kan ṣoṣo, tí ọ̀kan ní ‘mo fẹ́ lọ’ ni, tí èkejì ní ‘òjò ń rọ̀’ ni, a mọ̀ pé, ó kéré tán, ẹnì kan nínú wọn kò tú ẹnà kankan. Ohun tí ó wà nínú ara rẹ̀ ni ó ń sọ.

Àyẹ̀wò kékeré yìí ni a fẹ́ lò fún àwọn lẹ́tà Zodiac. Ọ̀pọ̀ ìwé ni a ti kọ lórí wọn. Ní ọdún 2007, David Fincher ṣe fíìmù kan tí a gbé ka ìwé Robert Graysmith, ẹni tí ó ń ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ fún ìwé ìròyìn San Francisco Chronicle ní àkókò tí àwọn lẹ́tà náà ń wọlé. Fíìmù náà sọ ọ̀gbẹ̀rì tí ó ń wá apànìyàn kiri di akọni. A kò bá òṣèré jà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó kan àwa tí a ń fi èdè ṣiṣẹ́ kò jẹ mọ́ ta ni apànìyàn náà. Ohun tí a fẹ́ mọ̀ ni irú ẹ̀rí tí ènìyàn gbọ́dọ̀ ní kí ó tó lè sọ pé òun ka nǹkan kan nínú àkọsílẹ̀ tí ẹlòmíràn mọ̀ọ́mọ̀ fi pamọ́. ‘Ọ̀gbẹ̀rì’ tí a ń lò nínú iṣẹ́ yìí kò ní ẹ̀gàn nínú. Àwọn àgbà ní ọ̀gbẹ̀rì kò mọ màrìwò. Nínú ọ̀rọ̀ ti Zodiac, gẹ́gẹ́ bí a ó ti rí i, ọ̀gbẹ̀rì ni ó mọ màrìwò tí àwọn awo kò mọ̀.

2.0 Àwọn lẹ́tà náà

Láàárín oṣù Kejìlá ọdún 1968 sí oṣù Kẹwàá ọdún 1969, ẹnì kan tí a kò tíì mọ̀ títí di òní pa ènìyàn márùn-ún ní agbègbè San Francisco, ó sì ṣe àwọn méjì mìíràn léṣe. Ní ìgbà mẹ́ta àkọ́kọ́, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n jókòó ní méjì-méjì sínú ọkọ̀ tàbí sí etí omi ni ó dojú kọ. Awakọ̀ takisí ni ẹni ìkẹyìn, tí ó yìnbọn pa ní ìlú San Francisco ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá ọdún 1969. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ó fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn Chronicle, ó sì fi ègé ẹ̀wù awakọ̀ náà tí ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀ sínú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣiyèméjì pé òun gan-an ni ó kọ ọ́.

Kí èyí tó ṣẹlẹ̀, ní ọjọ́ 31 oṣù Keje ọdún 1969, ó ti kọ lẹ́tà mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà sí Vallejo Times-Herald, San Francisco Chronicle àti San Francisco Examiner. Ìdá kan nínú mẹ́ta ẹnà kan wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, àmì 136 ní ìdá kọ̀ọ̀kan, tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ 408. Ó ní bí wọn kò bá tẹ̀ ẹ́ sí ojú ewé iwájú, òun yóò tún pànìyàn. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, ó fi ẹnà kejì ránṣẹ́, tí ó ní àmì 340. Ẹ̀kẹta dé ní oṣù Kẹrin ọdún 1970: ó kọ ọ́ pé orúkọ òun nìyí, ó sì tò àmì 13 tẹ̀ lé e. Ẹ̀kẹrin, àmì 32 pẹ̀lú máàpù kan, tẹ̀ lé e ní oṣù Kẹfà. A ó máa pè wọ́n ní Z408, Z340, Z13 àti Z32, gẹ́gẹ́ bí àwọn olùwádìí ti ń pè wọ́n.

Ohun kan wà tí àwọn òǹkàwé lẹ́tà wọ̀nyí kì í sábà fẹ́ gbà, òun sì ni ó yẹ kí ó ṣáájú. Òpùrọ́ ni òǹkọ̀wé náà. Nínú ọ̀kan nínú àwọn lẹ́tà oṣù Keje, ó ní ẹni tí òun jẹ́ wà nínú ẹnà náà. Nígbà tí a tú ẹnà náà tán, ohun tí ó wà níbẹ̀ ni pé òun kò ní sọ orúkọ òun. Nínú lẹ́tà oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1974, ó ka àwọn tí òun ti pa sí 37. Márùn-ún ni àwọn ọlọ́pàá lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Grice (1975) kọ́ wa pé ìfọ̀rọ̀wérọ̀ dúró lórí ìgbàgbọ́ pé ẹni tí ó ń bá wa sọ̀rọ̀ kì í mọ̀ọ́mọ̀ sọ ohun tí ó mọ̀ pé kì í ṣe òótọ́. Zodiac mọ ìgbàgbọ́ yìí, ó sì ń jẹun lára rẹ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá ti sọ pé orúkọ wà nínú ẹnà, àwọn ènìyàn yóò máa wá orúkọ. Títí di òní, ìlérí tí òpùrọ́ ṣe ní ọdún 1969 ni ó ń darí iṣẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tí ó rò pé àwọn ń lépa rẹ̀.

3.0 Tọkọtaya Salinas

Donald Harden jẹ́ olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní ìlú Salinas, ìtàn àti ètò ọrọ̀ ajé ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ. Bettye, ìyàwó rẹ̀, kò ní ìmọ̀ kankan nípa ẹnà. Wọ́n rí Z408 nínú ìwé ìròyìn, wọ́n sì tú u kí ó tó pé ọjọ́ mẹ́wàá.

Bettye ni ó rí ojú ọ̀nà. Ó wo ìwà tí ó hàn nínú àwọn lẹ́tà náà, ó ní ẹni tí ó fẹ́ràn ara rẹ̀ báyìí kò lè fi ọ̀rọ̀ mìíràn bẹ̀rẹ̀ ju ‘èmi’ lọ, lẹ́tà kan ṣoṣo sì ni èyí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ó tún ní yóò lo ọ̀rọ̀ ‘pa’, tí lẹ́tà ‘l’ méjì tẹ̀ léra nínú rẹ̀ ní èdè náà. Wọ́n wá ibi tí àmì méjì kan náà ti tẹ̀ léra, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ohun tí wọ́n rí ni ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ní òun gbádùn ìpànìyàn, pé ènìyàn ni ẹranko tí ó léwu jù lọ láti dọdẹ, àti pé àwọn tí òun bá pa yóò di ẹrú òun ní ọ̀run.

Ìmèrò ni ohun tí Bettye ṣe, àwọn kan sì lè bi wá pé kí ni ó fi sàn ju ìmèrò àwọn tí a ó bá wí níwájú lọ. Ìdáhùn náà wà nínú gígùn ẹnà. Oríṣi àmì 54 ni Z408 lò fún lẹ́tà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n èdè Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́tà ‘e’ nìkan ní àmì méje, tí òǹkọ̀wé ń pààrọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí fóníìmù kan bá ní ẹ̀dà púpọ̀ tí ipò kò yà sọ́tọ̀. Ó ṣe èyí kí ẹni tí ó bá ń ka iye ìgbà tí àmì kọ̀ọ̀kan jẹ yọ má baà tètè mọ èyí tí ó jẹ́ ‘e’. Ṣùgbọ́n bí a bá pín àmì 408 sí oríṣi 54, àmì kọ̀ọ̀kan yóò jẹ yọ ní ìgbà méje tàbí mẹ́jọ, bí a bá fojú dá a. Nítorí náà, bí Bettye bá sọ pé àmì báyìí ni ‘l’, ó ti sọ ohun tí àmì náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ní gbogbo ibòmíràn tí ó tún ti jáde, níbi tí kò tíì wò rárá. Bí ó bá ṣì í, ọ̀rọ̀ kò ní dọ́gba níbẹ̀. Ẹnà náà ní agbára láti sọ fún un pé rárá. Kò sọ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́tà 18 ni ó kù ní ìparí tí kò di ọ̀rọ̀ kankan. Àlàyé tí ó rọrùn ni pé òǹkọ̀wé fẹ́ kí ìdá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba, ìlà mẹ́jọ-mẹ́jọ, àmì 17 ní ìlà kan. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán kí ìlà tó tán, ó sì fi lẹ́tà lásán dí ààyè. Ṣùgbọ́n ní ibi lásán yìí gan-an ni àwọn olùwá-orúkọ kọ́ ilé sí. Wọ́n tú lẹ́tà 18 náà ká, wọ́n tún un tò, wọ́n yọ èyí tí kò bá wọn lára mu, wọ́n sì rí orúkọ. Oníkálukú rí tirẹ̀.

4.0 Z340 àti àwọn mẹ́ta tí ó tú u

Z340 dúró fún ọdún 51. Ilé-iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà (FBI) kò tú u. Graysmith sọ nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1986 pé òun tú u, ó sì gbé ọ̀rọ̀ kan jáde tí orúkọ gbajúmọ̀ òǹkọ̀ròyìn ìlú San Francisco kan wà nínú rẹ̀. Bí a bá wo bí ó ṣe ṣe é, a ó rí i pé ó gba ara rẹ̀ láyè láti sún lẹ́tà kiri lẹ́yìn tí ó ti tú wọn, kí wọn tó lè di ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá lè sún lẹ́tà kiri bí ó ti wù ú kò nílò ẹnà rárá. Àpò lẹ́tà lásán tó fún un.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni ìtumọ̀ tòótọ́ dé. David Oranchak, tí ó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ní Amẹ́ríkà, Sam Blake, onímọ̀ ìṣirò ní Melbourne ní Ọsirélíà, àti Jarl Van Eycke, ará Bẹ́ljíọ̀m tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí, ni wọ́n tú u. Kò sí ọlọ́pàá nínú wọn. Van Eycke ti kọ ètò kọ̀ǹpútà kan, AZdecrypt, tí ó lè dán kọ́kọ́rọ́ ẹnà wò kíákíá. Blake ronú pé bóyá kì í ṣe àmì nìkan ni òǹkọ̀wé pààrọ̀, bóyá ó da ètò ìlà rú pẹ̀lú. Ó ṣe nǹkan bí 650,000 ọ̀nà tí a lè gbà ka àmì náà tẹ̀ léra, wọ́n sì fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ètò Van Eycke. Nínú gbogbo rẹ̀, ẹyọ kan mú àpólà ọ̀rọ̀ díẹ̀ jáde tí ó jọ Gẹ̀ẹ́sì: nǹkan nípa ìrètí, nǹkan nípa mímú òun, nǹkan nípa yàrá tí wọ́n ti ń fi gáàsì pa ọ̀daràn.

Bí ẹnà náà ti rí nìyí. Ìlà 20 ni, àmì 17 ní ìlà kan. Òǹkọ̀wé pín in sí ìlà mẹ́sàn-án, ìlà mẹ́sàn-án, àti ìlà méjì. Nínú ìdá kìn-ín-ní, a ó bẹ̀rẹ̀ ní igun òkè lápá òsì, a ó sọ̀kalẹ̀ sí ìlà kejì, a ó sì sún sí ọ̀tún lẹ́ẹ̀mejì, bẹ́ẹ̀ ni a ó máa ṣe títí tí a ó fi dé ìsàlẹ̀, kí a tó padà sí òkè. Ìdá kejì ń tẹ̀ lé òfin kan náà, ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé ṣi ẹsẹ̀ gbé níbi kan, ohun tí ó tẹ̀ lé e nínú ìdá náà sì yẹ̀ kúrò ní ààyè rẹ̀. Nínú ìlà méjì ìkẹyìn, a ń kà á bí a ti ń ka ìwé, àfi pé ó kọ àwọn ọ̀rọ̀ kan láti ẹ̀yìn wá sí iwájú. Àṣìṣe inú ìdá kejì yẹn wú wa lórí ju òfin náà lọ. Ní kété tí a bá ti mọ ibi tí ọwọ́ òǹkọ̀wé ti yẹ̀, tí a sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ tó kù tò létòlétò. Kì í ṣe pé olùtumọ̀ ń tún nǹkan ṣe ní gbogbo ọ̀rọ̀ kí ó lè bá èrò rẹ̀ mu.

Kí ni ó wà níbẹ̀? Zodiac ní òun nírètí pé wọ́n ń gbádùn bí wọ́n ṣe ń gbìyànjú láti mú òun. Ó ní òun kọ́ ni ẹni tí ó sọ̀rọ̀ lórí ètò tẹlifíṣọ̀n. Ó ní òun kò bẹ̀rù yàrá gáàsì, nítorí pé yóò tètè gbé òun dé ọ̀run, àti pé òun ti ní ẹrú tí ó tó láti ṣiṣẹ́ fún òun. Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n yìí dáadáa. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá ọdún 1969, ẹnì kan fi tẹlifóònù pe ètò Jim Dunbar ní San Francisco, níbi tí agbẹjọ́rò Melvin Belli ti jókòó, ó ní òun ni Zodiac, ó sì sọ̀rọ̀ nípa ìbẹ̀rù yàrá gáàsì. Ọjọ́ 17 lẹ́yìn náà ni a fi Z340 ránṣẹ́. Kọ̀ǹpútà Blake kò mọ Dunbar, kò mọ Belli. Gẹ̀ẹ́sì lásán ni ó ń wá. Pé ohun tí ó bá pàdé bá ìṣẹ̀lẹ̀ ọ̀sẹ̀ náà mu jẹ́ ẹ̀rí tí kò ti inú orí olùtumọ̀ wá.

Ẹ̀rí mìíràn wà tí onímọ̀ ẹ̀dá-èdè yóò mọ rírì rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Zodiac lò fún ọ̀run rere, ‘paradice’ ni ó kọ ọ́, ó fi ‘c’ sí ibi tí ‘s’ yẹ kí ó wà. Àṣìṣe yìí wà nínú Z408, ó tún wà nínú Z340. Kì í ṣe àṣìṣe ìró, nítorí pé ìró kan náà ni lẹ́tà méjèèjì dúró fún ní ibẹ̀; àṣìṣe àkọtọ́ ni. Àwọn kan yóò sọ pé ìwé ìròyìn ti tẹ Z408 síta, pé ẹnikẹ́ni lè wò ó kọ. Bẹ́ẹ̀ ni, nítorí náà kò fi dandan jẹ́rìí sí ẹni tí ó kọ ọ́. Ohun tí ó jẹ́rìí sí ni ìtumọ̀ náà. Ètò kọ̀ǹpútà tí ó ń wá Gẹ̀ẹ́sì tí ó dára ìbá ti yan ‘s’ bí ó bá ní àǹfààní láti yàn. Ṣùgbọ́n àwọn àmì tí ó dúró fún ‘c’ ti so mọ́ àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó ní ‘c’ nínú, kò sì sí ibi tí ó lè yà sí. Ní ọdún 2024, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ gbogbo ìgbésẹ̀ wọn sílẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ kan, kí ẹlòmíràn lè tún un ṣe. Iye àwọn tí ó ti kéde láti ọdún 1969 pé àwọn tú Z340 kò lóǹkà. Ní ọjọ́ kan ṣoṣo, gbogbo wọn di asán, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn, bí a ti mọ̀, tí ó súnmọ́ ọn pàápàá. Kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni nínú Z340.

5.0 Ẹnà tí kò lè sọ pé rárá

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1969, D.C.B. Marsh, tí ó jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn olùfẹ́ ẹnà ní Amẹ́ríkà nígbà náà, pe Zodiac níjà nínú ìwé ìròyìn Examiner pé bí ó bá gbójú, kí ó fi orúkọ rẹ̀ sínú ẹnà. Àwọn kan gbà pé Z13 ni èsì ìpèníjà náà. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tí ó dájú ni pé Z13 ni ó ti kó bá àwọn ènìyàn jù.

Shannon (1949) ti fi ìṣirò hàn pé ẹnà tí ó bá kúrú ju ìwọ̀n kan lọ kò ní ìtumọ̀ kan ṣoṣo. Bí lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ọ̀kan bá ní àmì kan péré, ìwọ̀n náà súnmọ́ lẹ́tà 30. Bí lẹ́tà kan bá lè ní àmì púpọ̀, bí Zodiac ti ń ṣe, ìwọ̀n náà ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ Yorùbá tí ó ti ka ìwé tí wọn kò fi àmì ohùn sí mọ ohun tí Shannon ń wí. Bí a bá kọ ‘ogun’ nìkan sí ara ògiri, ta ni yóò sọ bóyá ogun ni, tàbí ogún, tàbí Ògún? Nínú ojú ewé kan gbáko, kò sí wàhálà. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó yí i ká yóò sọ fún wa. Ọ̀rọ̀ ara ògiri kò ní ẹni tí yóò jẹ́rìí sí i.

Àmì 13 ni Z13 ní, oríṣi mẹ́jọ ni wọ́n. Àmì kìn-ín-ní àti ìkejìlá jẹ́ ọ̀kan náà, ìkẹta àti ìkọkànlá, ìkẹjọ àti ìkẹtàlá. Ìkarùn-ún, ìkeje àti ìkẹsàn-án sì jẹ́ ọ̀kan náà. Gbogbo ohun tí ẹnà náà lè béèrè lọ́wọ́ wa nìyẹn. Orúkọ tí lẹ́tà rẹ̀ bá tò báyìí bá a mu, irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kò sì níye, àgàgà bí a bá fi orúkọ àbísọ, orúkọ àárín àti ti ìdílé pọ̀. Síbẹ̀, èyí kò tó àwọn olùwá-orúkọ. Bí orúkọ tí wọ́n ní lọ́kàn bá ní lẹ́tà 12, wọ́n á ní apànìyàn náà kò mọ bí a ti ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ dáadáa. Bí ó bá ní 14, wọ́n á ní ó fo ọ̀kan. Bí kò bá bá a mu láti òsì lọ sí ọ̀tún, wọ́n á kà á láti ọ̀tún wá sí òsì. Z32 burú ju èyí lọ: àmì 32, oríṣi 29. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé kò sí àmì kan tí ó tún ara rẹ̀ sọ, nítorí náà gbólóhùn èyíkéyìí tí ó bá ní lẹ́tà 32 fẹ́rẹ̀ẹ́ lè wọ inú rẹ̀.

Àwa náà mọ irú ìwádìí yìí nílé. J. Olumide Lucas, nínú ìwé rẹ̀ lórí ẹ̀sìn Yorùbá ní ọdún 1948, tọ orírun ọ̀rọ̀ Yorùbá lọ sí èdè Íjíbítì àtijọ́. Ẹni tí ó kàwé ni, iṣẹ́ ńlá sì ni ó ṣe. Ṣùgbọ́n bí ó bá nílò sílébù tí ó kù, yóò fi kún un. Bí sílébù bá pọ̀ jù, yóò yọ ọ́. Ìró tí kò bára mu yóò yí padà nítorí ọ̀rọ̀ ẹyọ kan yẹn nìkan. Ohun tí a fi kọ ìlànà yẹn kì í ṣe pé èsì rẹ̀ kò wù wá. A kọ̀ ọ́ nítorí pé ìyípadà ìró gbọ́dọ̀ ṣe déédéé láti ọ̀rọ̀ kan dé èkejì, èyí tí kò bá sì ṣe déédéé lè so èdè méjì èyíkéyìí pọ̀ mọ́ra. Ìdí kan náà ni ó yẹ kí a fi kọ orúkọ tí wọ́n ń fà yọ láti inú Z13.

6.0 Àwọn tí a dárúkọ

Bí ọ̀rọ̀ náà bá dúró lórí ìwé, a kì bá ti máa yọ ara wa lẹ́nu. Ó yàtọ̀ sí ti Lucas, nítorí pé Íjíbítì àtijọ́ kò ní ọmọ tí wọn yóò máa nawọ́ sí ní ojú pópó.

Ní ọdún 1987, Gareth Penn tẹ ìwé kan jáde tí ó pè ní ‘Times 17’. Zodiac ti kọ ọ́ pé máàpù òun àti Z32 jẹ mọ́ ìwọ̀n ìgun tí àwọn onímọ̀ ìṣirò ń pè ní radian. Penn wọn ìgun lórí máàpù láti òkè Mount Diablo dé ibi ìpànìyàn méjì, ó ní radian kan gan-an ni. Títí dé ibẹ̀, a lè bá a lọ. Láti ibẹ̀ ni ó ti sọ ọ̀rọ̀ di nọ́ńbà, tí ó sọ nọ́ńbà di lẹ́tà, tí lẹ́tà sì di orúkọ olùkọ́ yunifásítì kan tí ó wà láàyè, tí ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́. A kò ní dárúkọ ọkùnrin náà. Ní ọdún 2009, òun fúnra rẹ̀ kọ àròkọ kan nípa bí ó ti rí láti máa gbé pẹ̀lú ẹ̀sùn tí ẹnì kan fi ìṣirò hun mọ́ ọn lára, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ilé ẹjọ́ kankan tí ó pè é rí. Gbogbo ìgbésẹ̀ tí Penn gbé ni ó ní àlàyé tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ìgbésẹ̀ kan tí ó lè parí sí ibòmíràn, nítorí pé orúkọ náà ti wà lọ́wọ́ kí ìṣirò tó parí.

Ọkùnrin tí Graysmith tọ́ka sí kú ní ọdún 1992. Ìkọ̀wé rẹ̀ àti ìtẹ̀ka rẹ̀ kò bá ti apànìyàn mu, ìdánwò DNA tí wọ́n ṣe ní ọdún 2002 kò sì so ó mọ́ àwọn lẹ́tà náà. Síbẹ̀, fíìmù ọdún 2007 gbé e káàkiri ayé. Ní ọdún 2014, ẹnì kan kọ ìwé pé bàbá òun ni Zodiac, pé orúkọ bàbá náà wà nínú ẹnà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021, ẹgbẹ́ kan tí àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì wà nínú rẹ̀ kéde orúkọ òkú mìíràn. Ọ̀kan nínú ẹ̀rí wọn ni pé bí a bá yọ àwọn lẹ́tà orúkọ ọkùnrin náà kúrò nínú ọ̀rọ̀ Zodiac, ọ̀rọ̀ mìíràn yóò fara hàn. Ẹ kíyè sí i pé akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ni àwọn wọ̀nyí. Olùkọ́ girama àti òṣìṣẹ́ ilé ìkẹ́rùsí tú ẹnà; àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ yìí wá orúkọ kí wọn tó wá kọ́kọ́rọ́. FBI ní ìwádìí náà ṣì ń lọ, pé kò sí ohun tuntun.

Àwọn olùwá-orúkọ máa ń sọ pé òkú kò lè jìyà, pé bí àwọn bá ṣì í, kò sí ohun tí ó bàjẹ́. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Òkú ní ọmọ, ó ní ọmọ-ọmọ tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Àwọn ìdílé ènìyàn márùn-ún tí Zodiac pa náà wà, tí ó jẹ́ pé bí ọdún méjì-mẹ́ta bá ti yí, ẹnì kan á kan ilẹ̀kùn wọn pé òun ti rí i.

Z13 àti Z32 ṣì wà níbẹ̀. Ní ìwọ̀n bí ìmọ̀ wa ti mọ, kò sí ọgbọ́n inú ẹnà fúnra rẹ̀ tí ó lè tú wọn, bí ó ti wù kí kọ̀ǹpútà yára tó. Kì í ṣe agbára ni ó kù, ọ̀rọ̀ ni kò tó. Ohun tí ó lè tú wọn gbọ́dọ̀ ti ìta wá: ìwé tí òǹkọ̀wé ti kọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sílẹ̀, tàbí lẹ́tà gígùn mìíràn tí ó fi kọ́kọ́rọ́ kan náà kọ. Z408 àti Z340 kò ràn wá lọ́wọ́ níhìn-ín, nítorí pé kọ́kọ́rọ́ tiwọn kò mú ọ̀rọ̀ gidi jáde nínú Z13. Ẹni tí ó bá dé pẹ̀lú orúkọ lónìí, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a bi í ni iye orúkọ mìíràn tí ó dán wò pẹ̀lú ọ̀nà kan náà, àti iye nínú wọn tí ẹnà náà kọ̀.